Ọ̀nà Aginjù Láàárín Àpáta: Ọ̀rọ̀ sí Bàbá Tí Ó Ń Kó Ìdílé Rẹ̀ Rìn

Bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú ní Ìlúpéjú wa yìí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ó sì kọ ojú sí àríwá, ojú ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú Algiers ni ó ń wò. N kò sọ àsọdùn. Títì yìí ni yóò gbé e dé Ọjọ́ta, láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn, Ìlọrin, Kàdúná àti Kánò. Yóò wọ ilẹ̀ Niger, yóò la aginjù Sàhárà já, yóò gba àárín àpáta gíga tí à ń pè ní Arak kọjá, títí yóò fi dé etí òkun ní ìhà kejì Áfíríkà. Gígùn ọ̀nà náà láti Èkó dé Algiers tó nǹkan bí kìlómítà 4,500. Àwa tí à ń gbé ẹ̀bá rẹ̀ kì í sábà rántí èyí, nítorí ibi iṣẹ́ àti ọjà ni ó ń gbé wa lọ lójoojúmọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì jẹ́ kí a ro ohun tí ó jìnnà ju Ọjọ́ta lọ.

Ohun tí ó mú mi rántí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan tí ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wa ní ọdún 2024. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi olóògbé, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wá kí ìyá rẹ̀. Ó ní aya, ó sì ní ọmọ méjì: ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, àti obìnrin, ọmọ ọdún 6. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a jẹun tán, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ ọ̀nà láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé Ìlúpéjú. Ó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ jíípù, òun yóò kó aya àti ọmọ òun sínú rẹ̀, àwọn yóò gba ilẹ̀ Spéìnì dé Mòrókò, àwọn yóò wakọ̀ gba ọ̀nà olókùúta láàárín àpáta Todra àti ti Dadès, lẹ́yìn náà àwọn yóò gba aginjù wálé, kí ìyá òun lè ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, kí ó sì bá àwọn lẹ́nu ọ̀nà.

Inú ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ọkọ mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń sọ?”

Kí n tó la ẹnu, ọmọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ pé rárá. Ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.”

Mo dá a lóhùn pé n kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ní sọ pé rárá. Kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Akọ̀wé ni mí láti ìgbà èwe mi, ohun tí mo bá sì kọ sílẹ̀ ni ó máa ń yé mi jù. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo fẹ́ fi hàn yín lónìí, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ni ó ní irú èrò yìí. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Ìlú Òyìnbó àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìdílé ti máa ń wakọ̀ lọ sí aginjù nígbà ìsinmi, tí wọ́n ń kúrò lórí títì ọ̀dà láti gba ọ̀nà yanrìn àti òkúta láàárín àpáta, fún ìgbádùn ojú àti fún ìdárayá.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI LỌ, TÍ WỌ́N SÌ DÉ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí. Aginjù kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò là já rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1922, àwọn òṣìṣẹ́ Citroën gbéra ní Touggourt ní ilẹ̀ Algeria pẹ̀lú ọkọ̀ márùn-ún, tí a fi bẹ́líìtì rọ́bà rọ́pò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn kí wọ́n má baà rì sínú yanrìn. Wọ́n sì dé Timbuktu ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1923.

Nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, Ọ̀gbẹ́ni Newton Jibunoh wakọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó la Sàhárà já wá sí Èkó láàárín ọdún 1960 sí 1970, ó sì tún la aginjù náà já lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Bí ó ti rí i pé yanrìn ń jẹ ilẹ̀ oko àwọn ènìyàn lọ ni ó mú kí ó dá ẹgbẹ́ FADE sílẹ̀, èyí tí ń gbin igi láti dá aginjù dúró. Ní ọdún 2022, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, kí ó lè wá owó fún ìgbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2024, ọ̀dọ́mọbìnrin wa Pẹ̀lúmi Nubi fi ọkọ̀ Peugeot kékeré kan rin ọ̀nà kan náà: ó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 68 ni ó fi rìn ín.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń dárúkọ àwọn wọ̀nyí, orí èmi náà wú. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó kíyèsí ohun méjì. Èkínní, àgbàlagbà ni wọ́n. Kò sí ọmọ ọdún 6 lẹ́yìn ọkọ̀ wọn tí ń bèèrè omi. Èkejì, ọ̀nà etí òkun tí Adéyanjú àti Nubi gbà, títì ọ̀dà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ń fẹ́ fi ọ̀dà sílẹ̀ kí ó wọ àárín àpáta lọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni èyí.

OMI NI Ó GBẸ́ ÀPÁTA

Báwo ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti rí? Ẹ jẹ́ kí a mú Todra ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà nítòsí ìlú Tinghir ní ilẹ̀ Mòrókò, níbi tí òkè Atlas ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà aginjù. Ògiri àpáta rẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 300, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ilé NECOM alájà 32 ní Èkó. Ní ibi tí ó ti há jù, àlàfo tí ó wà láàárín ògiri méjèèjì kò ju nǹkan bí mítà 10 lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní ìsàlẹ̀ yóò rí ojú ọ̀run bí aṣọ òfì ẹyọ kan tí a tẹ́ sókè. Títì ọ̀dà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Todra sí àfonífojì Dadès, ọ̀nà olókùúta kan wà tí ó gun orí òkè kọjá, tí ó sì ń tọ ojú odò gbígbẹ ní ibi púpọ̀. Ọ̀nà jíípù ni.

Ta ni ó gbẹ́ àpáta wọ̀nyí? Omi ni. Àwọn àgbà wa ní omi kò ní ọ̀tá, òótọ́ sì ni; ṣùgbọ́n nínú ọ̀gbun àpáta, omi fúnra rẹ̀ lè di ọ̀tá tí kì í kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ aginjù le bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, kò ní koríko, kò ní ewéko tí yóò dá omi dúró. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè, kò ní wọ inú ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣàn pọ̀ sí ojú odò kan ṣoṣo, yóò sì ya lu ọ̀gbun náà pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti òkúta. Ó lè jẹ́ pé òòrùn ń ràn níbi tí ènìyàn wà, tí kò sì gbọ́ ààrá kankan.

Obìnrin òǹkọ̀wé kan wà, Isabelle Eberhardt, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún rin aginjù lórí ẹṣin. Kì í ṣe òùngbẹ ni ó pa á. Àgbàrá ni ó ya lu ilé tí ó wà ní Aïn Sefra ní ilẹ̀ Algeria ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1904, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ní Antelope Canyon ní Arizona: òjò rọ̀ sí ibi tí ó jìnnà, àgbàrá rẹ̀ sì gbá àlejò 11 lọ nínú ọ̀gbun tóóró náà.

Nítorí náà, òfin kìn-ín-ní tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: ojú odò gbígbẹ, bí ó ti wù kí ó tẹ́jú tó, kì í ṣe ibi tí a ń pàgọ́ tàbí tí a ń gbé ọkọ̀ sí.

YANRÌN KÌ Í GBỌ́ ÌBÍNÚ

Òfin kejì, ara mi ni mo ti kọ́ ọ. Ní ọdún kan, ní àkókò ọyẹ́, mo kó ìyá àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta lọ sí Òkè-Ògùn, a sì fẹ́ wo adágún omi tí ó wà lórí òkè Adó-Àwáyè. Ẹnìkan sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ọ̀nà oko kan wà tí yóò gé ìrìn wa kúrú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán ni mo ń wà. Ọ̀nà náà dára ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í há, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, ó sì já sí ojú odò gbígbẹ tí ó kún fún yanrìn funfun.

Àkọ́bí mi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a padà.”

Mo ní kí ó dákẹ́. Ojú ń tì mí láti padà lójú aya àti ọmọ. Mo tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, kò lọ. Bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ tó ni ó ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ tó, títí abẹ́ ọkọ̀ fi jókòó sórí yanrìn pátápátá. Agogo méjìlá ọ̀sán ti lù. Ìgò omi méjì péré ni a mú wá, àwọn ọmọ sì ti mu ọ̀kan tán.

Mo ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ìyá àwọn ọmọ di apá ẹ̀wù mi mú, ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ọ̀nà tí ẹ kò mọ̀ nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ṣé ẹsẹ̀ ni ẹ óò fi mọ̀ ọ́n?”

N kò rí èsì fún un. A jókòó sábẹ́ igi kan nítòsí ọkọ̀, a ń pín omi tí ó kù ní ìdérí ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí bàbá àgbàlagbà kan tó yọ, ó ń ti oko bọ̀, àdá wà ní èjìká rẹ̀. A kí i, ó dá wa lóhùn, kò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ tẹ táyà, ó ní, “Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ táyà rẹ ti le jù. Jẹ́ kí ó mí díẹ̀.”

Ó ti wa ọkọ̀ agbégilódò nígbà èwe rẹ̀ nínú igbó, ohun tí kò sì sí nínú ìwé ni ó mọ̀. Ó fi ẹ̀ka igi kékeré tẹ ẹnu táyà, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde títí táyà fi tẹ́ díẹ̀; ó wa yanrìn kúrò níwájú àti lẹ́yìn; ó gé ẹ̀ka igi tẹ́ sábẹ́ rẹ̀; ó ní kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé mo tún fẹ́ tẹ iná mọ́ ọn, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Rọra. Yanrìn kì í gbọ́ ìbínú. Ọ̀nà tí o gbà wọlé ni kí o gbà jáde.” Ọkọ̀ náà fi ẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni pé kò rì rí. Mo na owó sí i, kò gbà. Búrẹ́dì tí àwọn ọmọ fún un ni ó gbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A kò rí adágún náà ní ọjọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìtìjú bàbá lójú ọmọ rẹ̀ wà nínú ohun tí ó léwu jù tí ènìyàn lè gbé sínú ọkọ̀.

Ohun tí bàbá yẹn ṣe, òun gan-an ni àwọn tí ó mọ aginjù ń ṣe. Ẹ wo ẹsẹ̀ ràkúnmí: ó fẹ̀, ó sì rọ̀, nítorí náà ni kò fi í rì. Táyà tí ó le dà bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Yóò gún yanrìn bí òpó. Bí a bá dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, láti ìwọ̀n 35 sí nǹkan bí 20 tàbí 18, yóò tẹ́, ibi tí ó fi kan ilẹ̀ yóò gùn sí i, ẹrù ọkọ̀ yóò sì tàn ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dín in kù gbọ́dọ̀ ní pọ́ǹpù láti fẹ́ ẹ padà kí ó tó sáré lórí títì, nítorí táyà tí ó rọ̀ yóò gbóná lórí ọ̀dà, ó sì lè bẹ́.

ỌKỌ̀ TÍ KÒ LÈ RÌN MỌ́ ṢÌ JẸ́ ILÉ

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ìtàn mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kà wọ́n pọ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1982, Mark Thatcher, ọmọ obìnrin tí ó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọnù sí Sàhárà pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ àti mẹkáníìkì wọn, nígbà ìdíje ọkọ̀ láti Paris dé Dakar. Peugeot 504 ni wọ́n wà, irú èyí tí a ń tò ní Kàdúná wa nígbà kan rí. Ọkọ̀ náà bàjẹ́, wọn kò sì kúrò nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 6, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun Algeria rí ọkọ̀ náà láti òkè, a sì kó wọn wálé láàyè.

Ní oṣù Keje ọdún 1996, ìdílé kan láti ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ọmọkùnrin méjì, tí àbúrò nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 4, háyà ọkọ̀ kan ní Kalifóníà, wọ́n sì wọ ibi tí à ń pè ní Àfonífojì Ikú. Ibẹ̀ ni a ti wọn ooru tí ó tó 56.7 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1913. Ọkọ̀ tí a fi ń kó ìdílé lọ sọ́jà ni, kì í ṣe jíípù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àlejò kan lójú ọ̀nà pé àwọn ń lọ gba orí òkè kọjá. Àwọn tí ó wá wọn gbà pé nígbà tí orí òkè náà le jù fún ọkọ̀ wọn, dípò kí wọ́n padà sí ọ̀nà tí wọ́n bá wá, wọ́n yà sínú ọ̀gbun mìíràn, Anvil Canyon. Ní oṣù Kẹwàá ni olùṣọ́ ibẹ̀ kan rí ọkọ̀ náà láti inú hẹlikọ́pítà: mẹ́ta nínú táyà rẹ̀ ti jò, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ọdún 13 lẹ́yìn náà, kí a tó rí egungun ní ibi tí ó jìnnà sí ọkọ̀ náà. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn.

Ìtàn kẹta wà lórí ọ̀nà tí ó kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa yìí. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ọkọ̀ méjì kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Niger kúrò ní ìlú Arlit, wọ́n ń lọ sí Algeria. Ọ̀kan bàjẹ́. Èkejì ní kí òun lọ wá ohun tí a ó fi tún un ṣe, òun náà sì bàjẹ́. Nígbà tí omi tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn ní ẹgbẹẹgbẹ́. Òkú 92 ni a rí ká inú yanrìn: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Àwọn wọ̀nyí kò rìn fún ìgbádùn. Àìní ni ó lé wọn jáde. N kò fi wọ́n wé ẹni tí ń ṣe eré ìsinmi. Ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í bèèrè ohun tí ó gbé ènìyàn wá.

Kí ni ó ya ìtàn kìn-ín-ní sọ́tọ̀ sí àwọn yòókù? Kì í ṣe agbára ọkọ̀, nítorí gbogbo wọn ni ọkọ̀ wọn bàjẹ́. Ohun méjì ni. Àwọn kan mọ̀ pé wọ́n sọnù, wọ́n sì ń wá wọn. Wọ́n sì dúró síbi tí a ti lè rí wọn. Ènìyàn kéré lójú aginjù, ọkọ̀ tóbi. Ẹni tí ó jókòó sí ibòji ọkọ̀ rẹ̀ ń tọ́jú omi ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń rìn nínú òòrùn lè fi òógùn sọ omi tí ó ju lítà kan lọ nù ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́ ṣì jẹ́ ilé.

ÌWÉ TÍ MO FI LÉ E LỌ́WỌ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ka ohun tí mo kọ sí etí òun àti ìyá rẹ̀. Mo ní ọ̀nà Arak àti Agadez, kí ó mú ojú kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 2003, àwọn ajínigbé kó àlejò 32 láti ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń wakọ̀ rìn nínú aginjù Algeria, obìnrin kan nínú wọn sì kú kí a tó dá àwọn yòókù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2007, a pa ènìyàn mẹ́rin nínú àwọn àlejò Faransé kan tí wọ́n dúró sinmi lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí Aleg ní ilẹ̀ Mauritania. Ìdíje ọkọ̀ Dakar tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e kò sì lè wáyé mọ́ ní ọdún 2008. Láti ọdún 2012, ogun àti ìjínigbé gbilẹ̀ ní Mali àti ní agbègbè rẹ̀. Bàbá lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dán nǹkan wò. Ti ọmọ kì í ṣe tirẹ̀ láti fi dán an wò.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé àpáta ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, mo ní ó lè lọ sí Todra àti Dadès nìkan kí ó sì padà, bí ó bá gba òfin wọ̀nyí:

Kí ó má lọ ní ọkọ̀ kan ṣoṣo. Kí ìdílé kejì bá wọn lọ nínú jíípù tiwọn, kí ẹnìkan tí a bí ní àdúgbò náà sì máa ṣáájú.

Kí ó gbé omi. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Lítà 4 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni ìwọ̀n tí ó kéré jù tí àwọn olùtọ́jú ọgbà aginjù ní Amẹ́ríkà ń là sílẹ̀. Ẹni mẹ́rin, fún ọjọ́ mẹ́ta ìrìn àti ọjọ́ mẹ́ta ìdúró: lítà 96. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin ni. Kí ó má sì ṣe gbé gbogbo rẹ̀ sínú àgbá kan, nítorí àgbá lè jò.

Kí ó mú ṣọ́bìrì, okùn tí a fi ń fa ọkọ̀, pọ́ǹpù, òṣùwọ̀n táyà, àti táyà àfipamọ́ méjì. Níbi tí ojú kò bá ríran já, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó fi ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wakọ̀ wọ̀ ọ́.

Kí ó kọ ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà àti wákàtí tí ó yẹ kí ó dé sílẹ̀ fún ẹnìkan tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a bí kò bá dé. Ní ọ̀nà White Rim ní Utah, tí ó gùn ní kìlómítà 160 yí àpáta Canyonlands ká, tí kò sí omi mímu lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Níbi tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ìdílé ṣe tirẹ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn: kí ó fi wákàtí ìpadà sí ọkàn kí ó tó kúrò nílé. Bí agogo bẹ́ẹ̀ bá lù tàbí bí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, àní ọmọ tí ó kéré jù, bá sọ pé ẹ jẹ́ kí a padà, kí ó dúró, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì gbọ́ ọ.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Bàbá Kékeré, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù.” Mo ní mo mọ̀.

ÌPADÀ

Wọ́n lọ ní Àjíǹde ọdún 2025, ìdílé méjì, jíípù méjì, afinimọ̀nà kan láti Tinghir. Wọ́n rí Todra. Ọmọbìnrin kékeré náà pariwo orúkọ ara rẹ̀ láàárín àpáta, àpáta sì dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbéra láti gba ọ̀nà olókùúta lọ sí Dadès. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ wọ́n dé ojú odò gbígbẹ kan tí wọ́n ní láti tọ̀. Ìkùukùu dúdú wà lórí òkè níwájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó sì rí i pé yanrìn ìsàlẹ̀ ti tutù. Afinimọ̀nà ní ó ṣeé ṣe kí ó má sí nǹkan kan. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ. Ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀. Aya rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò ó.

Ó yí ọkọ̀ padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tí ojú ń tì. Ó ní, “Bàbá Kékeré, a kò là á já o. A padà.”

Mo dìde lórí àga. Mo ké sí ìyá rẹ̀ pé kí ó wá gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ padà, ó sì fi ijó jáde láti ilé ìdáná. Mo sọ fún ọmọ náà pé àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Àti pé nínú gbogbo ohun tí ó ti ṣe láti ìgbà tí ó ti di bàbá, èmi kò tíì mọ èyí tí ó ju ti òní lọ. Bóyá omi kò tilẹ̀ wá sí ojú odò náà ní ọjọ́ yẹn. N kò bèèrè, òun náà kò sì sọ. Ẹni tí ó bá ń dúró kí àgbàrá wá jẹ́rìí sí i kí ó tó gbà pé òun ṣe rere, kò tíì mọ ohun tí ìpadà jẹ́.

Nígbà tí ó di Kérésìmesì, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé bí àwọn ènìyàn yòókù. Ìyá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀, ó sì bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn pé. Ọmọkùnrin náà, tí ó ti pé ọdún 12 nígbà náà, fi àwòrán àpáta hàn mí. Mo bi í pé kí ni ó dùn mọ́ ọn jù. Ó ní òun ni a fi ṣe alábòójútó omi: alaalẹ́ ni òun ń ka kẹ́ẹ̀gì, tí òun sì ń kọ iye tí ó kù sínú ìwé. Ó mú ìwé náà wá. Nọ́ńbà rẹ̀ wà ní ẹsẹẹsẹ, kò sí ìfàrẹ́ kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, n kò kọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ayé lẹ́wà, ó sì dára kí ọmọ wa rí i. Ẹ kó wọn jáde bí ẹ bá ní ọ̀nà, ìbáà ṣe sí Adó-Àwáyè, ìbáà ṣe sí Mòrókò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ ka omi yín, ẹ sọ fún ẹni tí ó kù nílé ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì pinnu níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, wákàtí tí ẹ óò padà.